Sinimá Wo Ni Ó Ga Jù Lọ?

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Òwe yìí bá àwọn tí ń jiyàn lórí sinimá mu púpọ̀. Ẹni tí ó wo eré kan ní àná, tí ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, yóò fi gbogbo ẹnu sọ pé kò tíì sí irú rẹ̀ láti ìgbà tí a ti dá sinimá sílẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ yóò ní irọ́ ni, pé eré tí òun wò ní èṣí ni baba gbogbo wọn. Bí wọ́n bá jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí èyí tí yóò borí èkejì, nítorí pé kò sí èyí tí ó kọ́kọ́ béèrè pé: kí ni a fi ń mọ eré tí ó ga? Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, báwo ni a ṣe lè mọ èyí tí ó wúwo jù nínú ẹrù méjì?

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ gbé àwọn òṣùwọ̀n tí àwọn ènìyàn máa ń lò yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì sọ èyí tí ó tọ́ lójú tèmi. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ lásán ni. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ ọnà yóò mọ bí a ti ń ṣe ìdájọ́ ìwé, yóò sì mọ bí a ti ń wọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ariwo ọjà ni yóò máa fà á kiri.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n fi ìdájọ́ yìí ṣe iṣẹ́. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ìwé àtìgbàdégbà kan wà tí a ń pè ní Sight and Sound, ọ̀rọ̀ sinimá sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1952, àwọn olóòtú rẹ̀ bẹ àwọn lámèyítọ́, èyíinì ni àwọn tí ń wo eré tí wọ́n sì ń kọ̀wé lórí ibi tí ó ti dára àti ibi tí ó kù sí, pé kí olúkúlùkù dárúkọ sinimá mẹ́wàá tí ó ga jù lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń béèrè ìbéèrè kan náà.

Ní 1952, eré Ítálì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ladri di biciclette ni ó gba ipò kìn-ín-ní. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni Àwọn Olè Kẹ̀kẹ́. Vittorio De Sica ni ó darí rẹ̀ ní 1948. Ní 1962, Citizen Kane, eré Amẹ́ríkà tí Orson Welles ṣe ní 1941, gba adé náà, kò sì gbé e sílẹ̀ fún àádọ́ta ọdún. Òun ni ó borí ní 1962, ní 1972, ní 1982, ní 1992 àti ní 2002. Ní 2012, Vertigo tí Alfred Hitchcock ṣe ní 1958 gba ìbò 191, Citizen Kane gba 157, adé sì bọ́ lórí rẹ̀. Ní 2022, nígbà tí àwọn olùdìbò ti ju 1,600 lọ, Jeanne Dielman, eré tí Chantal Akerman, obìnrin ará Bẹ́ljíọ̀mù, ṣe ní 1975, ni ó jókòó sórí àga náà.

Ẹ kíyèsí ohun ìyanu kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí Citizen Kane ti jáde nígbà tí wọ́n dìbò ní 1952, síbẹ̀ kò sí láàrin mẹ́wàá àkọ́kọ́. Àwọn Olè Kẹ̀kẹ́ ẹ̀wẹ̀, tí ó ṣe olórí ní 1952, bọ́ sí ipò kẹfà pẹ̀lú àwọn mìíràn ní 1962. Nígbà tí ó fi di 1972, a kò rí i mọ́ láàrin mẹ́wàá. Ní 2022, ipò kọkànlélógójì ni ó wà. Kí ni ó yí padà nínú àwọn eré wọ̀nyí? Kò sí. Ẹni tí ń sunkún nínú wọn ní ìgbà náà ń sunkún síbẹ̀, ẹni tí ń rìn nínú wọn kò tíì dúró. Ojú àwọn tí ń wò wọ́n ni ó yí padà. Nítorí náà, ìbò dára láti fi mọ ohun tí ìran kan fẹ́ràn, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn. Ẹni tí ó bá sọ pé, "Eré yìí ni ó ga jù nítorí pé òun ni ó borí nínú ìbò," kò tíì sọ ìdí kankan. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ ni ó tún sọ.

Òṣùwọ̀n kejì tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni owó, èrò àti ẹ̀bùn. Wọ́n á ní eré tí èrò wọ́ tọ̀, tí ó pa owó rẹpẹtẹ, tí ó sì gba ẹ̀bùn, òun ni ó dára jù. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Citizen Kane. Olówó ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà tí ń jẹ́ William Randolph Hearst, tí ó ni ìwé ìròyìn púpọ̀ káàkiri ilẹ̀ náà. Ìgbésí ayé Kane inú eré náà jọ tirẹ̀ ju bí ó ti lè fara mọ́ ọn lọ. Ó pàṣẹ pé kí àwọn ìwé ìròyìn òun má ṣe dárúkọ eré náà rárá, ọ̀pọ̀ ilé sinimá kò sì fẹ́ fi í hàn nítorí ìbẹ̀rù rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ RKO tí ó náwó sí i kò rí èrè jẹ nígbà náà. Nígbà tí àkókò ẹ̀bùn Oscar tó, a dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn mẹ́sàn-án, ọ̀kan ṣoṣo ni ó gbà, èyí tí a fún Welles àti Herman J. Mankiewicz nítorí ìtàn tí wọ́n kọ. Eré mìíràn tí ń jẹ́ How Green Was My Valley ni ó gba ẹ̀bùn eré tí ó dára jù lọ́dún náà. Vertigo pàápàá kò rí ìyìn púpọ̀ gbà nígbà tí ó jáde ní 1958. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tí ó rù kí ó sanra; bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi ariwo ọdún kan mọ iye iṣẹ́ tí yóò pẹ́ láyé. Òṣùwọ̀n owó wúlò fún ẹni tí ń ta ìwé ìwọlé, kò wúlò fún wa.

Òṣùwọ̀n kẹta lágbára ju méjèèjì wọ̀nyí lọ, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó dì í mú. Wọ́n ní eré tí ó ga ni eré tí ó mú ọgbọ́n tuntun wọ inú iṣẹ́ náà. Bí a bá fi èyí wọ̀n wọ́n, bóyá ni a ó rí èyí tí yóò fi ẹ̀yìn Citizen Kane balẹ̀. Welles kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà tí eré náà jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1941, kò sì tíì ṣe irú sinimá gígùn bẹ́ẹ̀ rí. Gregg Toland ni ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì ṣe é tí ohun tí ó wà nítòsí àti ohun tí ó wà lókèèrè fi mọ́lẹ̀ kedere nígbà kan náà.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti lo ọgbọ́n yìí. Ìyá Kane jókòó nínú ilé, ó ń fọwọ́ sí ìwé tí yóò fi ọmọ rẹ̀ lé olówó báńkì kan lọ́wọ́ láti tọ́ ọ. Bàbá ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ráhùn. Láti ojú fèrèsé tí ó wà lẹ́yìn wọn, a ń rí ọmọdé náà lókèèrè, bí ìka ọwọ́ ni ó rí, ó ń ṣeré nínú òjò dídì, kò sì mọ̀ pé wọ́n ń ta ìgbà èwe òun nínú ilé. Nínú àwòrán kan ṣoṣo, a rí ẹni tí ń pinnu, a rí ẹni tí kò lè dá ìpinnu dúró, a sì rí ẹni tí ìpinnu náà yóò bá jà títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní ibòmíràn, ìgbéyàwó Kane àti aya rẹ̀ àkọ́kọ́ bà jẹ́ lójú wa nídìí tábìlì oúnjẹ òwúrọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ di gbólóhùn ṣókí. Ní ìkẹyìn, aya ń ka ìwé ìròyìn àwọn tí ń bá ọkọ rẹ̀ díje, kò sì sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ.

Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tí ó mọ sinimá tí kò ní bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tuntun kì í pẹ́ di ogún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi irin rọ ọkọ́ ṣe ohun ìyanu. Lónìí, kò sí àgbẹ̀ tí ń pariwo nítorí pé ọkọ́ rẹ̀ ní irin. Ohun tí Toland ṣe ní 1941, àwọn mìíràn ti ṣe é títí ó fi di ohun tí ojú ti mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọgbọ́n nìkan ni ó gbé eré kan ró, òkìkí rẹ̀ yóò wà nínú ìwé ìtàn, ṣùgbọ́n kò ní wà nínú ọkàn. Ohun tí ó mú kí a rántí ọmọ inú òjò dídì yẹn ni pé ọmọ ni, wọ́n sì ń mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọgbọ́n náà jẹ́ ìránṣẹ́. Ènìyàn ni ọ̀gá.

Èyí ni ó mú mi dé òṣùwọ̀n kẹrin, èyí tí mo fara mọ́. Eré tí ó ga jù ni èyí tí ó fi ènìyàn hàn wá ní òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àjèjì tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí kò sì bá ìgbà rẹ̀ pàdé, yóò fi rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, tí kò sì ní lè dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bí a bá fi èyí wọ̀n wọ́n, mo gbà pé àwọn tí wọ́n dìbò ní 1952 kò ṣìnà. Lójú tèmi, Àwọn Olè Kẹ̀kẹ́ ni.

Ìtàn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a lè sọ ọ́ tán kí a tó mu omi ife kan. Ogun àgbáyé kejì ti parí, iṣẹ́ sì ṣọ̀wọ́n ní ìlú Róòmù. Antonio Ricci rí iṣẹ́ lílẹ ìwé ìpolówó mọ́ ara ògiri, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní kẹ̀kẹ́ kò lè ṣe é, ó sì ti fi kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ dógò. Maria aya rẹ̀ ká aṣọ ibùsùn wọn, ó lọ fi í dógò kí wọ́n lè gba kẹ̀kẹ́ padà. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gbé dìdì aṣọ náà, ó ń pọ́n àtẹ́gùn gòkè, a sì rí i pé dìdì aṣọ àwọn ẹlòmíràn ti kún ibẹ̀ dé òkè àjà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé òṣì ti bo ìlú náà. A ti rí i. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní tí Antonio bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, olè gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ. Òun àti Bruno, ọmọ rẹ̀ kékeré, wá a kiri gbogbo ìlú, wọn kò rí i.

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní ìkẹyìn, Antonio dúró nítòsí pápá bọ́ọ̀lù níbi tí kẹ̀kẹ́ wà lọ bẹẹrẹ, ó sì rí ọ̀kan tí ó dá dúró lẹ́nu ọ̀nà kan. Ó ní kí ọmọ òun máa lọ sílé. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n lé e, wọ́n mú un, wọ́n gbá a lójú, wọ́n ju fìlà rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà kò tíì lọ. Ó rí ohun gbogbo. Ẹni tí ó ni kẹ̀kẹ́ wo ojú ọmọ náà, àánú ṣe é, ó ní kí wọ́n fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá àti ọmọ ń rìn lọ láàrin èrò. Omi bọ́ lójú bàbá, ọmọ náà sì na ọwọ́, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Eré parí. Kẹ̀kẹ́ kò padà wá.

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Kí ni a ó wá sọ nípa ẹ̀sín tí ó bá bàbá níṣojú ọmọ rẹ̀? Ẹni tí kò dé Róòmù rí mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò gùn kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan yóò takò mí pé ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí, pé ó rọrùn láti mú ènìyàn sunkún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí De Sica ti kọ̀ láti mú un rọrùn fún wa. Ó ṣeé ṣe kí ó fi olè àkọ́kọ́ hàn bí ẹni ibi, kí a lè kórìíra rẹ̀ kí ọkàn wa sì balẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Antonio bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ládùúgbò rẹ̀, àìsàn bí wárápá gbé e ṣánlẹ̀. Nígbà tí a sì wọ ilé rẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ni òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń gbé, òṣì ibẹ̀ kò sì dín sí ti Antonio. Orúkọ eré náà kò sọ pé olè kan. Àwọn olè ni ó sọ. Nígbà tí a mú un dé Amẹ́ríkà, wọ́n sọ orúkọ náà di ti olè kan ṣoṣo, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ ba ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí a jí ní nǹkan di olè kí eré tó parí. Ta ni a ó wá dá lẹ́bi?

Àwọn mìíràn yóò ní kò sí ọgbọ́n nínú irú eré bẹ́ẹ̀, pé ẹnikẹ́ni lè gbé ẹ̀rọ àwòrán sí ìgboro. Àwọn wọ̀nyí kò mọ bí ìrọ̀rùn ti ṣòro tó. David Selznick, ọlọ́jà sinimá ní Amẹ́ríkà, fẹ́ náwó sí eré náà bí De Sica bá lè fi gbajúmọ̀ òṣèré Cary Grant ṣe Antonio. De Sica kò gbà. Lamberto Maggiorani, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí kò ṣeré rí, ni ó mú. Bí ó bá gba owó Selznick, gbogbo ènìyàn ni ìbá máa wo Cary Grant. Kò sí ẹni tí ìbá rí òtòṣì tí ń wá kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mímọ ohun tí ó yẹ kí a kọ̀ sílẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n, ó sì ṣọ̀wọ́n ju ọgbọ́n ẹ̀rọ lọ.

Ṣé mo wá ń sọ pé àwọn tí wọ́n dìbò ní 2022 kò mọ nǹkan? Rárá o. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Jeanne Dielman gùn tó wákàtí mẹ́ta ó lé ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún, ọjọ́ mẹ́ta péré nínú ayé opó kan ní ìlú Brussels ni ó sì sọ. A ń wò ó bí ó ti ń bó ànàmọ́, bí ó ti ń fọ abọ́, bí ó ti ń tẹ́ ibùsùn, títí àṣìṣe kékeré kan nídìí ààrò fi ń dẹ́rù bà wá, nítorí pé a ti mọ̀ pé ọkàn obìnrin náà ń fọ́. Iṣẹ́ ilé tí àwọn ọkùnrin kò kà sí ni Akerman sọ di ohun tí a kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Òun ni obìnrin kìn-ín-ní tí eré rẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdìbò náà. Nínú ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ ti ọdún yìí kan náà, a rí eré àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà méjì, Ousmane Sembène àti Djibril Diop Mambéty. Nígbà tí àwọn onídàájọ́ pọ̀ sí i, ohun tí ojú rí náà pọ̀ sí i. Èyí kò tako òṣùwọ̀n tí mo yàn. Ó tì í lẹ́yìn, nítorí pé ènìyàn lásán, tí ayé kò kà sí, ni ó tún gba ọkàn àwọn àjèjì.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kò di dandan láti gba ìdájọ́ mi. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe gba ti ẹnikẹ́ni láìwò fúnra yín. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé eré kan ga, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan láti mọ ìtàn rẹ̀, kí ẹ sì tún wò ó láti mọ bí a ti sọ ọ́. Ẹ bi ara yín léèrè pé: ènìyàn wo ni ó fi hàn mí tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ǹjẹ́ ọgbọ́n rẹ̀ ń sin ènìyàn náà, tàbí ara rẹ̀ ni ó ń ṣe ní fáàrí? Bí mo bá yọ òkìkí rẹ̀ kúrò, kí ni yóò ṣẹ́ kù? Ẹni tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè bá ọ̀mọ̀wé jiyàn láìgbọ̀n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré mìíràn ni ó fi joyè.